Káàdì Kejìlá

Mọ́kànlá ni káàdì tí Músílíù fi ránṣẹ́
láti inú ọkọ̀ òkun tó bá àwọn Gíríìkì lọ.
Àǹtí Kúbúrátù kàn wọ́n mọ́ ògiri ilé ìdáná,
lókè ààrò tó ti ń yan ẹja, ní Ẹ̀pẹ́.
Èéfín a ti kà wọ́n tán kí n tó ti ilé ìwé dé.

Èmi ni mo ń ka ẹ̀yìn wọn fún un.
Músílíù kì í sọ púpọ̀: "Ara mi le. Ẹ kí gbogbo ilé."
Lójú Àǹtí, iwájú káàdì gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.
Á na ìka tí òórùn ẹja ti mọ́ lára:
"Èwo lèyí?"
Ọgbà ni, ní Sìǹgápọ̀. Òdòdó ló kún ibẹ̀.
"Kí ni wọ́n ń kó níbẹ̀ nígbà ìkórè?"
Wọn kì í kórè, Àǹtí. Wọ́n ń wò ó ni.
"Wọ́n ń wò ó."
Á mi orí. Á yí ẹja padà.

Igbó kan wà ní Kẹ́ńyà, ìjọba ló ni ín,
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀;
erin ń rìn bí onílẹ̀ tó ń yẹ ààlà rẹ̀ wò.
Ṣùgbọ́n ti Jàpáàn ló ń pa á lẹ́rìn-ín jù:
kò sí koríko, kò sí igi, àfi òkúta mẹ́ta
àti yanrìn funfun tí wọ́n fi kọ́ọ̀mù yà
bí irun ọmọ tó ń lọ sí ilé kéú.
"Ṣé yanrìn náà ni wọ́n gbìn?"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àbí èéfín ni.

Lọ́jọ́ kan ó ní àwa náà á fèsì.
A wá káàdì Ẹ̀pẹ́ títí, kò sí.
Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní sítáǹpù nìkan ló wà,
ta ni yóò ra àwòrán ilé ara rẹ̀?
Mo gé páálí mílíìkì,
mo ya àbàtà ẹ̀yìnkùlé wa sí i:
igi ẹ̀gbà tó dúró lórí gbòǹgbò nínú omi
bí ẹni tó ká ṣòkòtò dé orúnkún,
òṣíbàtà, ọkọ̀ kan tó ti ń jò, lékeléke mẹ́rin.
Ó ní mẹ́rin kéré, kí n fi méjì kún un.
"Kọ ọ́ sẹ́yìn pé ọgbà tiwa rèé.
À ń wò ó, a sì ń jẹ nínú rẹ̀."

Oṣù méje lẹ́yìn náà, káàdì padà wá
pẹ̀lú òǹtẹ̀ mẹ́ta, ní èdè tí n kò gbọ́.
Ọ̀gbẹ́ni Odùkálẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ túmọ̀ rẹ̀:
ẹni yìí kò sí nínú ọkọ̀ náà mọ́.
Wọn kò kọ ibi tó lọ.
Àǹtí gbà á, ó wá ìṣó, ó kàn án mọ́ àwọn yòókù.
Kò ní kí n ka ẹ̀yìn rẹ̀ rí.

Lọ́dún èṣí ni ẹ̀rọ dé, tó ń pọ yanrìn láti inú ọ̀sà
dà sórí àbàtà, ọjọ́ mọ́kànlélógún, tọ̀sán tòru.
Yanrìn funfun. Kò sẹ́ni tó fi kọ́ọ̀mù yà á.
Wọ́n gbé pátákó síbẹ̀: Ọgbà Ìtura,
ilẹ̀ ń bẹ fún títà.

Lánàá, ọmọ mi dúró níwájú ògiri,
ó fọwọ́ kan káàdì kejìlá.
Èéfín ti gbé méjì lọ nínú lékeléke.
"Orílẹ̀-èdè wo lèyí wà?"
Àǹtí kò gbójú sókè nídìí ẹja.
"Ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn."
Ọmọ ṣí i.
Yanrìn wọlé.