Àìsàn Píjò Bàbá Mi

Bí a bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ á le:
iná iwájú á mọ́lẹ̀ yòò, fèrè á ké,
Fálúyì ríwáyà á wò mí bí òpùrọ́.
Kí n sáà dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkèsà lálẹ́,
kí táyà ẹ̀yìn bọ́ sí kòtò kan péré,
òkùnkùn biribiri. Ẹ́ńjìnì dákẹ́.

Ó pààrọ̀ bátìrì, ó pààrọ̀ fíyúùsì mẹ́ta.
Owó ń lọ, àìsàn ò lọ.
Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ á jọ jáde.
Olè kì í yọjú níbi tí ọdẹ́ tanná sí."

Tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù,
ó ń tú wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ.
A gun Òkèsà, a sọ̀, a tún gùn ún.
Nígbà keje: "Ẹ dúró! Mo ti mú un."

Wáyà pupa kan tó ti já látọjọ́,
tí wọ́n fi àkísà so.
"Ọ̀bàyéjẹ́ wo ló ṣe èyí?"

N ò dáhùn. Mo mọ aṣọ náà:
etí ìró ìyá mi, tí bàbá mi fi eyín fà ya
lálẹ́ tí mọ́tò kú sọ́nà Ìwàràjà,
tó fi so wáyà, tó sì gbé àwa mẹ́fà délé.

Mo ká àkísà náà, mo fi sápò.
Mọ́tò ò kú mọ́,
àfi fèrè, tó ń ké fúnra rẹ̀ bí òjò bá ṣú.
Fálúyì ò tíì gbọ́.