Àtíkè Irin

Ní Sunderland, nígbà tí odò Wear ṣì fi kùrukùru bojú,
tí ẹyẹ òkun ń jà lórí páànù ilé iṣẹ́ wa,
mo ti wọ aṣọ funfun, mo ti de ìbòmú,
mo ń wo apá irin tó ń gbé táyà ọkọ̀,
bí wọ́n ṣe rọ̀ sórí ìkọ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì,
bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà, láìsí ẹ̀jẹ̀.

A ti wẹ̀ wọ́n tán. Ó ku àtíkè.

Àtíkè ni èmi ń pè é.
Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí yóò mọ ohun tí mò ń wí:
ọmọ tó jáde nínú omi, tí a nù gbẹ,
tí a bu lẹ́búlẹ́bú lé lọ́rùn.
Iná mànàmáná díẹ̀ wà lẹ́nu ìbọn,
wáyà sì so irin mọ́lẹ̀;
àtíkè bá ń wá irin lọ bí ẹni tó mọ ilé.
Ó yí kọ́nà, ó wọ ihò,
ó dé ẹ̀yìn tí ojú mi ò tó.
Kò kán. Kò ṣàn. Kò ní òórùn.

Kò ní òórùn.
Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúró.

Bàbá mi kun ọkọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún ní Òṣogbo,
lábẹ́ igi máńgòrò kan nínú ọgbà mẹkáníìkì,
áńkáṣíìfù nímú, tínà nínú garawa.
Ìdajì ọ̀dà a lẹ̀ mọ́ ọkọ̀,
ìdajì a bá atẹ́gùn lọ sí ilé onílé,
ewé máńgòrò a pọ́n lóṣù tí kì í ṣe oṣù rẹ̀.
Lálẹ́, yóò lu agolo mílíìkì kan, yóò mu ún tán,
ó ní ó ń fọ àyà.
Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù.
Bàbá mi, tínà ló dà síwájú.
Ikọ́ ló tẹ̀.

Keith Hepple ní nígbà tí òun wọ iṣẹ́ níbí,
ọkọ̀ akẹ́rù a wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀
wá kó àgbá ẹ̀gbin ọ̀dà, tí àwòrán agbárí wà lára wọn.
Ẹ gbọ́ ná: wọ́n fowó ra ọ̀dà,
wọ́n tún fowó jù ú nù.

Nísinsìnyí, èyí tó bá tàsé irin,
fáànù á fà á, ajọ̀ á kù ú bí èlùbọ́,
ó di ẹnu ìbọn padà.
Ohun tí mò ń gbá dànù lópin ọ̀sẹ̀ kò kún fìlà Keith.
Arábìnrin Pritchard, akọ̀wé owó, tí kì í rẹ́rìn-ín,
wá fúnra rẹ̀ wo fìlà náà.
Ó rẹ́rìn-ín.

N kò ní sọ pé ẹni mímọ́ ni wá.
Ààrò wa ń jẹ gáàsì bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.
Bí a bá fẹ́ kúrò ní dúdú bọ́ sí fàdákà,
odidi wákàtí la fi ń fọ gbogbo ibẹ̀; dípò kí a máa kun irin, à ń kùn.
Àwọn ọkùnrin méjì tó ń yí àgbá ẹ̀gbin, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn;
ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì báyìí,
èkejì, n kò mọ̀.

Ní àkókò ìsinmi, mo gbé irin kan tó ti tutù síta,
mo fi han bàbá mi lórí fóònù.
Ó ní kí n fi èékánná ha á. Mo ha á. Kò bó.
Ó ní kí n gbọ́ òórùn rẹ̀.
Mo gbé e símú.
"Kí lo gbọ́?"
"Òjò nìkan ni, Bàbá. Òjò ń rọ̀ níbí."
Ó dákẹ́ títí.
Mo gbọ́ bó ṣe ń wá èémí,
lẹ́yìn náà ó ní:
"Èló ni wọ́n ń ta ìbọn yẹn?"