Márùn-ún Tíṣà, Ọrún Yèyé

Tíṣà Fápohùndá kọ nọ́ńbà méjì sójú pátákó,
méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rìndínlógójì,
ó ní ká wá olùpín àjọní tó tóbi jù.
Ìwé mi ṣófo. Ẹrù àná ni mo ń rò.

Àná, èbù méjìdínláàádọ́ta,
Yèyé ní ti uṣu ni, Tíṣà ní iṣu là ń pè é;
ọmọ kòkó mẹ́rìndínlógójì nínú ọ̀rá dúdú,
gbogbo rẹ̀ ń lọ sóko ẹ̀yìn òkè.
"Ẹ pín in dọ́gba. N ò fẹ́ ẹkún."
Àwa méjì la kọ́kọ́ gbé e, ọrùn fẹ́ẹ̀ ṣẹ́.
A pe ọmọ ilé kejì, a di mẹ́rin, a di mẹ́fà,
títí a fi pé méjìlá:
èbù mẹ́rin lórí, ọmọ kòkó mẹ́ta lọ́wọ́,
kò ṣẹ́ kù, kò sẹ́ni tó ń wo tẹnìkejì.
Ìgbà náà ni Ìlòrí sáré dé, ó di ẹnì kẹtàlá.
Ẹrù kọ̀, kò pín mọ́.
Kèrègbè omi la gbé fún un. Ó sunkún.

Mo kọ méjìlá. Tíṣà fi bírò pupa sàmì sí i pé ó gbà.

Ó tún bi wá: ọjà Ògòtún yìí, ọrọọrún ni,
ọjọ́ ìsinmi, méje-méje.
Bí méjèèjì bá pàdé lónìí,
ọjọ́ mélòó ni wọn yóò tó tún fojú kanra?
Márùn-ún, méje: wọn ò jọ ní nǹkan kan ju ení lọ,
mo fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀,
márùndínlógójì.
Àmì pupa. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀,
torí ẹní ló fẹ́ rà,
ọjọ́ ìsinmi nìkan ló sì ń ráyè.
Ọmọ Adó ni, níbi tọ́jà kì í tú.

Yèyé ń hun ẹní lójúde nígbà tí mo délé.
"Márùn-ún bó?"
Ó fa fọ́nrán yọ, ó tò wọ́n sílẹ̀:
"Òní, ení. Ọ̀la, èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún, ọjà dé.
Tòní wà nínú rẹ̀, tèyí tó ń bọ̀ náà wà nínú rẹ̀.
Oorun alẹ́ mélòó lo sùn láàárín wọn?"
Mẹ́rin.
Mẹ́rin, méje: méjìdínlọ́gbọ̀n.
Yèyé ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n,
nítorí òní kì í ṣòfo lọ́wọ́ rẹ̀.
A jà sí i títí ilẹ̀ fi ṣú
ká tó mọ̀ pé ọjọ́ kan náà la ń pè.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ariwo ọjà pàdé bí a ti wí.
Mi ò sọ fún Tíṣà. Ẹ̀rù ni, àbí ìgbéraga?
Lọ́jọ́ karùndínlógójì ó jáde nísìn,
ó dúró láàárín àtẹ òfìfo, owó lọ́wọ́,
òun àti ewúrẹ́ kan.

Nílé ni Yèyé ti ta ẹní fún un, kò bù lé owó.
Ohun kan ló béèrè:
"Tíṣà, níbi tẹ́ ẹ ti kàwé,
ṣé wọn kì í ka òní mọ́ ọjọ́ ni?"