Okùn Méjìdínlógún

Lọ́dún tó kọjá, ní pápá eléruku ní Míṣígànì,
nínú aṣọ ayaba ayé àtijọ́,
Halina dákú síwájú ẹni tó ń ta itan tòlótòló.
Okùn méjìdínlógún ló fún àyà rẹ̀ pinpin;
ọ̀bẹ búrẹ́dì la fi já wọn.

Lọ́dún yìí, aṣọ ọ̀gbọ̀ ló wọ̀ wá,
ó fẹ̀ bí ẹ̀rín,
àpò méjì lábẹ́ ìṣẹ́po:
ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún oògùn ikọ́ fée.
"Ẹ kì í ṣe ayaba mọ́ ni?" ọmọkùnrin onídà igi bi í.
"Alásè ni mí.
Alásè a máa mí."

Ó na ẹsẹ̀ sórí koríko,
ó jẹ tòlótòló rẹ̀ dé eegun.
Atẹ́gùn ń gba abẹ́ aṣọ rẹ̀ kọjá
bí àlejò tó mọlé.