Ikọ́ Ọkùnrin Kan

Ẹ̀rọ àwo ni mo wá tún ṣe nílé Ọ̀gbẹ́ni Fápohùndà
ní Ìsọ̀kun, lọ́dún tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa.
Bẹ́líìtì rẹ̀ ló já. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dí i.
Mo ní kí n gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan, bóyá ó ń yí dáadáa.
Ó di ọdún mọ́kànlá báyìí, n kò tíì lọ.

Sátidé, aago mẹ́rin. A ò ju mẹ́rin lọ:
Fápohùndà, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò,
tó ń to àwo bí àgbẹ̀ ṣe ń to iṣu sínú abà;
Ìyá Ìbídùnní, nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì ní Wésílì,
tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú agolo bisikíìtì;
Ajíbóyè tí ń tẹ dùùrù; àti èmi oníṣẹ́ iná.

Orin kan náà ni a máa ń gbọ́, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
“Ẹ gbọ́ ará Rọ́ṣíà yìí, ó ń sáré bí ẹni òjò ń lé.”
“Ẹ gbọ́ obìnrin yìí, ó fa sẹ́lò bí ẹni ń fa omi
nínú kànga ọ̀gbẹlẹ̀.” Ìjà a bẹ́.
Fápohùndà a mú aago ọwọ́: ìṣẹ́jú méje ó lé díẹ̀,
ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án géérégé, bí ẹni pé gbọ̀ngàn ìdánwò la wà.
Obì ló ń bá wa dá ẹjọ́. A pa á, a jẹ ẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwo kan wà tí a kì í jiyàn lé.
Wọ́n gbà á sílẹ̀ níwájú èrò, nínú gbọ̀ngàn kan, ìlú òtútù.
Ní apá kejì, níbi tí sẹ́lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́,
tí ohùn rẹ̀ ń tínrín lọ bí òwú tó ku díẹ̀ kó já,
ọkùnrin kan húkọ́.
Ẹ̀ẹ̀kan. Ó sé ìyókù mọ́ ọ̀nà ọ̀fun.

A mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń ta sẹ́lò lọ.
Ìyá Ìbídùnní ní kì í ṣe ọ̀fìnkìn:
“Ẹ̀dọ̀fóró ni. Ká ní wọ́ọ̀dù mi ló wà, kò ní jáde lálẹ́ ọjọ́ náà.”
Ajíbóyè ní sìgá ni.
Èmi rò pé ẹkún ló fi ikọ́ bò.
Yóò ti kú. Àwo náà dàgbà ju àkọ́bí mi lọ.
Síbẹ̀, bó bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, gbogbo wa a lóṣòó dè é
bí òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè,
a ò ní dìde àfi bó bá san án.

Oṣù tó kọjá, ọmọ Fápohùndà fi sídíì kan ránṣẹ́ láti òkè òkun.
Orin kan náà, gbọ̀ngàn kan náà, alẹ́ kan náà,
àmọ́ wọ́n ti fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́.
Fápohùndà ń rẹ́rìn-ín bí onílé tuntun:
“Kò sí eruku mọ́. Orin nìkan ló kù, bó ṣe yẹ kó rí.”
Òótọ́ ni. Mo gbọ́ èémí ẹni tó ń ta á.
Mo gbọ́ bí àga abẹ́ rẹ̀ ṣe ké.
A dé apá kejì. Òwú náà ń tínrín lọ.
Ìyá Ìbídùnní di etí ìró rẹ̀ mú.
Ajíbóyè gbé ìka sókè.

Kò sí nǹkan kan.
Orin náà gba ibẹ̀ kọjá bí ọkọ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò.
Mo wo ibi tí ọkùnrin náà máa ń wà:
ògiri, aago, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.
Iná tó máa ń lọ kò lọ, kó gbà wá sílẹ̀.

Fápohùndà fúnra rẹ̀ ló dá a padà sẹ́yìn,
ó ní òun fẹ́ ṣírò ìṣẹ́jú rẹ̀.
A tún dé ibẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu,
ó húkọ́,
ẹ̀ẹ̀kan, ó sé ìyókù mọ́ ọ̀nà ọ̀fun.

Ó ní eruku ni.