Etí Àgbò Kékeré

Mosúnmọ́lá gbé ìgò wá láti yunifásítì,
ó gé díẹ̀ létí àgbò mẹ́sàn-án lábẹ́ igi kajú wa ní Ìjẹrù.
Èyí tó gé kò tó èékánná ọmọ tuntun.
Ó ní, "Màmá, ibẹ̀ ni gbogbo ìran wọn ń gbé."
Mo rẹ́rìn-ín.
Ọkọ mi, Ògúnrìndé, ojú lásán ló fi ń yan àgbò:
ìwo tó ká bí ìkarawun ìgbín,
àyà gbàgàdà, irun funfun báláú.
Èyí tó bá kan ògiri tí ògiri gbọ̀n,
ó ní ọkọ ìyàwó nìyẹn.

Lóṣù kẹta, ìwé dé.
Àgbò ńlá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alága,
ìwé ní ká tà á fún Iléyá.
Ó ní ọmọ rẹ̀ á tóbi lóòótọ́,
ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, aràn á máa ká wọn bí ẹni ká ilá.
Ta ló wá mú?
Kékeré onírun adíkálà, oníwo kan,
tó máa ń dúró sẹ́yìn ìkòkò omi,
tó ń wò sùn-ùn bí ẹni jẹ gbèsè.
Ó ní àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin á máa bí ìbejì,
ìbejì náà á sì yè.

Mo bá a jà. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé ò jẹ koríko."
Ó ní, "Màmá, àgbò tó fẹ̀yìn rìn..."
Mo ní kó dákẹ́, mo mọ ìparí rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, oorun kọ̀.
Mo rántí bí èmi àti Ògúnrìndé ṣe yan ara wa:
èjí tó wà lẹ́nu mi,
ẹ̀rín rẹ̀ lójú ọ̀nà Tákíè.
Ojú lásán náà ni.
Kò sẹ́ni tó gún wa níka,
kò sẹ́ni tó bi ẹ̀jẹ̀ wa léèrè
kí Dúrósinmi tó dé,
tí eegun ń ro ó láti ọmọ ọdún méjì
títí ó fi dákẹ́ lọ́mọ ọdún mọ́kànlá.
Dókítà ní ọ̀dọ̀ mi ni ìdajì ti wá, ìdajì tọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.
Àwa méjèèjì rèé, a dúró ṣánṣán,
nǹkan kan ò ṣe wá.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fa Alága lé alápatà lọ́wọ́,
n kò ná an lẹ́ẹ̀mejì.
Mo wá ṣí ilẹ̀kùn ọgbà fún oníwo kan.
Kò tètè wọlé sáàárín àwọn abo.
Ó dúró, ó ń wò mí,
ojú ibi tí wọ́n gé létí rẹ̀ ti jinná,
ó dà bí ihò yẹtí.