Ẹ̀rọ Tó Ń Fèsì

Ọ̀sán Ọjọ́rú, lẹ́yìn Sábó ní Ṣàgámù,
Alhaja Mulikátù ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ wọlé,
apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ewé tútù lórí wọn.
Ó ní, "Ó ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe
nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ gbéra lọ́nà Màkún."

"Òòfà rẹ̀ ló ti rẹ̀ ẹ́," ni Ọ̀gá Ọ̀nàfowókàn wí.
Kò tíì tú nǹkan kan o.
Ó gé bátìrì kúrò, ó gbé táyà ẹ̀yìn lé orí tábìlì,
ó na wáyà mẹ́ta sí mi:
yẹ́lò kan, àwọ̀ ewé kan, búlúù kan bí aró àkọ́rẹ.
"Fi ọwọ́ yí i."
Mo ní, "Iná ò sí níbẹ̀ mọ́, Ọ̀gá."
"Ṣẹ̀gilọlá, mo ní fi ọwọ́ yí i."

Mo yí i.
Lójú ẹ̀rọ aláwòrán tí dígí rẹ̀ ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ìlà kan dìde, ó gòkè, ó tẹ́jú,
bí ebè iṣu tí wọ́n fi ọkọ́ gé lórí,
ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá odo,
ó di kòtò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.
Mo yára yí i: ebè ga, wọ́n fún mọ́ra.
Mo rọra yí i: wọ́n rẹlẹ̀, wọ́n jìnnà síra.
Mo dáwọ́ dúró. Pẹrẹsẹ.

"Èsì nìyẹn. Òòfà ń kọjá lójú kọ́ìlì, kọ́ìlì ń fọhùn.
Bátìrì ń pariwo pé, Sáré!
Òun náà ń dá a lóhùn látinú pé, Rọra!
Bó bá ṣe ń sáré tó lohùn rẹ̀ ń le tó,
títí àṣẹ àti èsì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba,
ìwọ̀nba iná ni yóò sì máa ṣàn."

"Bó bá wá há ńkọ́, tí kò lè yí?"

"Kò sí èsì nìyẹn.
Iná á ya wọlé bí odò Ìbù nígbà àkúnya.
Kò ní pẹ́ tí wàá fi gbóòórùn rẹ̀."

Mo rántí bàbá mi ní Ọ̀fin,
bó ṣe máa ń gbá tábìlì: "Ẹnu ẹ mú jù!
A kì í dá àgbà lóhùn nínú ilé yìí."
Mo dákẹ́ fún ọdún mẹ́fà.
Ó ń pàṣẹ, mo ń gbà á, ó ń pàṣẹ, mo ń gbà á.
Ìyá mi nìkan ló mọ ibi tó ti ń jó lára mi.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mo wá ṣe.
Wáyà mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn:
méjì á gbé iná, ìkẹta á sinmi,
èyí tó ń sinmi ni kọntirólà ń tẹ́tí sí.
Ìgbà tóhùn rẹ̀ bá ń kọjá odo
ló ń mọ ibi tí òòfà dé nínú òkùnkùn,
ló ń mọ ẹni tí iṣẹ́ kàn.
Kò sí bọ́rọ́ọ̀ṣì tí ń fọwọ́ tá a. Etí ló fi ń ríran.

Yẹ́lò dára.
Àwọ̀ ewé dára.
Búlúù, ebè rẹ̀ kúrú, èjìká rẹ̀ wó lápá òsì,
bí ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ọ̀fun mi gbẹ. "Ọ̀gá, kì í ṣe òòfà.
Bó bá jẹ́ òòfà ni, gbogbo wọn ni ì bá kúrú.
Kọ́ìlì kan ti bó, ó ń kan ara rẹ̀."

Ó wò mí. Fáànù ń yí lókè.
Ó na sukudiráfà sí mi.

Nígbà tí mo ṣí i, òórùn fáníìṣì tó jóná bọ́ síta,
ojú dúdú kan bí èso iṣin wà níbẹ̀.
Alhaja nà lọ́rùn: "Èló wá ni ẹ ó gbà?"
Ọ̀gá ń nu ọwọ́. Kò wojú rẹ̀.
Ó ní kí n dá a lóhùn.